Kí wọ́n kọ́kọ́ tajà fún wa ná

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi o. Mo gbé fóònù lọ fún àtúnṣe l'Ọláìyá nílùú Òṣogbo lánàá, mo bá bùrọ̀dá kan níbẹ̀ tó ń pe ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lólè. Kí lọmọ ṣe? Ó ń fi PPSSPP, áàpù tó ń jẹ́ kí gẹ́ẹ̀mù PSP, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù àfọwọ́mú ti Sony, ṣeé gbá lórí fóònù, àti gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù sórí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan. "Iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíì lẹ̀ ń jí yẹn!" Ọmọ náà ò fèsì. Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù tó ti sán náà, ó ń wo bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sókè sí 100.

Kí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe gẹ́ẹ̀mù kọ́kọ́ tajà fún wa ná, kí wọ́n tó máa pè wá lólè.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yege ní WAEC, mo ní màá ra ojúlówó gẹ́ẹ̀mù fún un, kí owó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. A wọ ilé ìtajà wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ká mú orílẹ̀-èdè wa. A wá Nàìjíríà títí, kò sí. Ọmọ ní, "Àǹtí, Amẹ́ríkà la máa ń mú." Wọ́n tún béèrè àdírẹ́sì. Èmi tí mò ń gbé Òkè-Baálẹ̀ wá ń wá àdírẹ́sì òtẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà kiri, kí n tó lè ná owó tí mo fi òógùn mi wá! Ìyẹn náà ò ràn án. Báǹkì kọ káàdì mi, wọn ò gbà kí n fi nàìrà rajà lókè òkun. Mo pè wọ́n, orin ni wọ́n fi sí mi létí títí kírẹ́díìtì fi tán. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé mi ò fẹ́ sanwó?

Ká tiẹ̀ ní káàdì ṣiṣẹ́. $70 ni wọ́n ń ta ọ̀pọ̀ gẹ́ẹ̀mù ńlá tó jáde. ₦70,000 lowó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, dọ́là kan sì ti kọjá ₦1,000 tipẹ́. Ẹ ṣírò ẹ̀.

Gẹ́ẹ̀mù PSP tí wọ́n torí ẹ̀ bú ọmọ yẹn ńkọ́? Sony ti ṣíwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ náà láti 2014. Nintendo, iléeṣẹ́ gẹ́ẹ̀mù mìíràn, ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù wọn, 3DS àti Wii U, pa ní March 2023. Lọ́dún yẹn kan náà, Video Game History Foundation, àjọ tó ń tọ́jú ìtàn gẹ́ẹ̀mù, ṣèwádìí, wọ́n ní nínú gẹ́ẹ̀mù 100 tó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú 2010, bíi 87 ni kò sí lọ́jà mọ́. Emulator, ìyẹn áàpù bíi PPSSPP tó ń jẹ́ kí gẹ́ẹ̀mù ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn, ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣì ṣeé gbá. Kì í sì í ṣe pé emulator fúnra ẹ̀ lòdì sófin: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà dá Connectix, iléeṣẹ́ tó ṣe emulator PlayStation, láre lórí èyí ní 2000, nígbà tí Sony pè é lẹ́jọ́. Ẹ máà fi ti Yuzu, emulator gẹ́ẹ̀mù Nintendo Switch, tí àwọn tó ṣe é gbà láti san $2.4 mílíọ̀nù fún Nintendo ní 2024 dá mi lóhùn o, gẹ́ẹ̀mù tó ṣì wà lórí àtẹ nìyẹn dá lé.

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ aládùúgbò wa kan tó wà ní yunifásítì ṣe gẹ́ẹ̀mù ayò ọlọ́pọ́n sórí fóònù. ₦500 péré ló ń tà á, ẹ sì lè fi owó ránṣẹ́ sí i tààrà. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà làwọn ọmọ àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi Xender pín in fún ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èyí wà lọ́jà o, kò sì wọ́n. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ra tiẹ̀. Ó ní ṣé gẹ́ẹ̀mù tún ń jẹ́ rírà ni, òun ò ra ọ̀kan rí láyé òun. Mo ṣì ń wá èsì tí màá fún un.