Ta ló ní "give up" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì gidi?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ kan ládùúgbò wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó ń múra sílẹ̀ fún BAC, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama, gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi. Ó ti kọ gbólóhùn kan tó dán mọ́rán: "My uncle gave up smoking." Ẹnì kan ti fi bírò pupa pa "gave up" rẹ́, ó wá kọ "abandoned" sórí rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn awakọ̀ tó ń ti Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà bọ̀ nìyẹn, pé ẹni tó kàwé kì í kọ ọ́."

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ l'Ájàṣẹ́, mo ti gbọ́ ọ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Wọ́n á ní oríṣi Gẹ̀ẹ́sì méjì ló wà: èyí tó ní ọ̀rọ̀ gígùn, ti ọ̀mọ̀wé, àti èyí tí wọ́n so "up", "off", "out" mọ́ nídìí, ti ìta gbangba. Wọ́n á tún fi kún un pé àwọn ìrù yẹn ò ní ìtumọ̀ kankan, kí ọmọ ṣáà há wọn sórí.

Irọ́ ni àkọ́kọ́. Èkejì náà, irọ́ ni, àfi díẹ̀.

Ọdún 1066 ni àwọn ará Normandy, láti ilẹ̀ Faransé, gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè wọn di èdè ààfin àti ti ilé ẹjọ́ fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bí "enter", "continue", "return" àti "abandon" fúnra rẹ̀ ti bá Faransé wọlé. Ọmọ Kétu tó ti ń fi Faransé kàwé láti kékeré, tó bá rí "continue", ojú rẹ̀ á wálẹ̀. Ó rí ojúlùmọ̀. Ló bá rò pé èyí gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé. Faransé tó wọ ẹ̀wù Gẹ̀ẹ́sì ló rí yẹn.

"Give" àti "up" ńkọ́? Àwọn mọ́ǹkì kan wà ní Peterborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kọ ìtàn ilẹ̀ wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó kọ ìparí ìwé náà, ní nǹkan bí ọdún 1155, ròyìn bí Ọba Stephen ṣe sọ bíṣọ́ọ̀bù Salisbury àtàwọn èèyàn rẹ̀ sẹ́wọ̀n títí wọ́n fi jọ̀wọ́ ilé olódi wọn. Ọ̀rọ̀ tó lò fún "jọ̀wọ́" ni "iafen up". "Gave up" náà ni, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà yẹn. Mọ́ǹkì ló ń ròyìn ọba àti bíṣọ́ọ̀bù o. Mi ò rí awakọ̀ kankan níbẹ̀.

Nígbà tí Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (kì í ṣe Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá o), gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní 1755, ó sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé irú àsopọ̀ yìí pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ju ti èdè mìíràn lọ, pé òun ló sì ń yọ àlejò lẹ́nu jù. Kò pè é ní èdè ìgboro. Ó fara balẹ̀ kó wọn jọ ni. Lóòótọ́, ó ní àwọn kan nínú wọn dà bí ẹni pé wọn ò mọ òfin kankan, ṣùgbọ́n Johnson ò gbọ́ Yorùbá.

Nítorí bí ìyá bá ní kí ọmọ "eat up", kì í ṣe òkè ló ń sọ, ó ní kó jẹ ẹ́ tán. "Drink up", mu ún tán. "Use up", lò ó tán. "Up" ibẹ̀ yẹn, "tán" wa ni. "Read on": máa kà á lọ. "Give back": dá a padà. Ta ló há "tán" àti "padà" sórí nínú wa?

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹ wo "bàjẹ́". A kì í sọ pé "ó bàjẹ́ iṣẹ́ náà". Ńṣe la máa ń là á sí méjì: ó ba iṣẹ́ náà jẹ́, ó bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ èdè ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Gẹ̀ẹ́sì náà ń la tirẹ̀: "turn it off" ni, kì í ṣe "turn off it". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ni, Gẹ̀ẹ́sì gba méjèèjì, "turn off the radio" àti "turn the radio off". Yorùbá ò gba ìyẹn ní tirẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń là bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì lọmọ ti ń ṣìnà. "She ran up the hill", ó sáré gun òkè: "she ran up it". "She ran up a debt", ó kó gbèsè jọ: "she ran it up". Nínú ti àkọ́kọ́, òkè ni "up" dì mú, nínú èkejì, "ran" ló dì mú.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù nínú ìwé àwọn ọmọ wa ni "wait me" àti "listen me". Faransé ló fà á, torí "attends-moi" àti "écoute-moi" ò ní ohunkóhun láàárín. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní tiẹ̀ níbẹ̀: dúró DÈ mí, tẹ́tí SÍ mi. "Wait FOR me", "listen TO me". Ọmọ tó fi Yorùbá sílẹ̀ tó lọ gba ọ̀nà Faransé dà bí ẹni tó fẹ́ ti Kétu lọ Ìmẹ̀kọ, tó kọ́kọ́ yà sí Kútọnu.

Yorùbá náà lè ti èèyàn sí kòtò. A ń jíròrò LÓRÍ ọ̀rọ̀, làwọn kan bá ń sọ pé "discuss about". "Discuss" ò fẹ́ "about". Àwọn ará wa lódìkejì ẹnubodè tún ní tiwọn, "off the light", wọ́n sọ ìrù di orí. Ó dùn mọ́ mi létí, àmọ́ ẹ má kọ ọ́ sínú BAC.

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ìjọba lè yan "tolerate" dípò "put up with", mi ò bá a jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ ló ń sọ aṣọ tó máa wọ̀.

Mo dá "gave up" ọmọ náà padà fún un. Ó wá bi mí léèrè pé "put up with" ńkọ́, "tán" ni àbí "lọ"? Mo ní ìyẹn ò ṣeé tú palẹ̀, kó kàn mọ̀ pé "fara dà á" ni.

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ara ń dà níbẹ̀?"

Mo ní ilẹ̀ ti ṣú, kó máa lọ sílé.