Bí bíréèkì kò bá le lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ atẹ́gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má ra agolo ọ́ìlì míràn

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì kan lẹ́yìn Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń bá mi pààrọ̀ bẹ́líìtì, nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ ń sọ fún bàbá àgbàlagbà kan pé, "Alàgbà, atẹ́gùn ṣì wà nínú bíréèkì yín. Ẹ bá wa ra agolo ọ́ìlì kan sí i." Agolo kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá náà ti ń ti ọwọ́ bọ àpò, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi kò sì lè dákẹ́ mọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti ná èmi náà lówó, ó sì kù díẹ̀ kó ná mi ní ẹ̀mí.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé bí pẹ́dà bíréèkì bá ti rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, atẹ́gùn ló wà nínú páìpù. Bí wọ́n bá sì ti yọ atẹ́gùn náà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bílíìdì, tí pẹ́dà kò sì le, kí wọ́n ṣáà tún máa yọ ọ́ lọ. Òótọ́ ni pé atẹ́gùn a máa mú bíréèkì rọ̀, nítorí pé ọ́ìlì kì í sún kì bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn a máa sún kì. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé oríṣi rírọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Èyí tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀ máa ń ta ẹsẹ̀ padà bí tìmùtìmù. Òmíràn máa ń lọ sísàlẹ̀ jìnnà láìsí ohun tó dá a dúró, lẹ́yìn náà ni yóò wá le koko. Àwọn méjèèjì yìí ló ń gòkè bí a bá tẹ̀ wọ́n léraléra, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Òmíràn sì wà tó le nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tó ń rọra rì bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń pẹ́ lórí rẹ̀.

Mo bẹ bàbá náà pé kí wọ́n wọlé, kí wọ́n fa háńdì bíréèkì sókè dáadáa, kí wọ́n wá tẹ pẹ́dà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì wo ojú mi. Pẹ́dà tó ti ń lọ dé ilẹ̀ láti àárọ̀ dúró ní agbedeméjì, ó sì le. Bí ó bá ṣe pé atẹ́gùn ló wà nínú páìpù, fífa háńdì bíréèkì kò lè lé e jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé okùn háńdì bíréèkì ti ti àwọn ṣúù ẹ̀yìn, ìyẹn àwọn irin tó ń fún mọ́ dúrọ́ọ̀mù láti dá táyà dúró, sún mọ́ ara dúrọ́ọ̀mù, ìyẹn agbada irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, kò sì ku ibi jíjìnnà tí ọ́ìlì yóò tún tì wọ́n lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn ló ní kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín kan nínú, tó wà fún sísún àwọn ṣúù síta bí wọ́n bá ṣe ń jẹ. Bí kẹ̀kẹ́ yìí bá dípẹtà, kò ní yí mọ́, àlàfo yóò sì máa fẹ̀ sí i. Wọ́n tú táyà ẹ̀yìn, wọ́n yọ dúrọ́ọ̀mù, wọ́n fi epo rọ kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n yí i títí dúrọ́ọ̀mù fi ń ha ṣúù fẹ́ẹ́rẹ́. Pẹ́dà gòkè. Wọn kò lo ẹ̀kán kan nínú agolo kẹta.

Ti èmi gan-an burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Toyota Corolla ọdún 1994 ni mo ń wà, mo sì gbé e fún mẹkáníìkì kan kí ó bá mi pààrọ̀ rọ́bà inú kálípà iwájú méjèèjì, ìyẹn ẹ̀rọ tí ọ́ìlì ń tì láti dá táyà dúró. Láti ọjọ́ náà ni pẹ́dà ti di tìmùtìmù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń yọ atẹ́gùn, agolo mẹ́fà ni mo rà, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé másítà bíréèkì, ẹ̀rọ tí pẹ́dà ń tì kí ó lè ti ọ́ìlì lọ sínú páìpù, ti kú. Mo ra másítà. Kò yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́, nítòsí Odò Ọbà, tírélà kan dúró lójijì níwájú mi, ẹsẹ̀ mi sì dé ilẹ̀ pátápátá kí ọkọ̀ tó dáhùn; inú igbó ni mo yà sí.

Nígbà tí mo délé, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀, mo yọ táyà, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí kálípà. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tú láti yọ atẹ́gùn wà nísàlẹ̀ pátá, ó kọjú sí ilẹ̀. Mo yọ táyà kejì, bákan náà ló rí. Wọ́n ti gbé kálípà ọ̀tún sí òsì, wọ́n sì gbé ti òsì sí ọ̀tún. Ẹ mú ìgò òróró tí kò kún dé ẹnu, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ ó rí i pé atẹ́gùn yóò sáré lọ sí apá òkè, bí ó ti wù kí ẹ yí i sí. Bí ihò bá wá wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì nìkan ni yóò máa gba ibẹ̀ jáde, àní bí wọ́n bá tú u nígbà ẹgbẹ̀rún. Nínú ọkọ̀ tèmi, atẹ́gùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agolo ọgọ́rùn-ún kò lè mú un jáde. Mo pààrọ̀ àyè wọn, nọ́ọ̀tì padà sókè, ìdajì agolo kan ló sì yanjú ohun tí agolo mẹ́fà kò yanjú.

Àwọn mẹkáníìkì á ní, "Ṣé ẹ kò rí ìfófó tó ń jáde ni?" Mo rí i. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kí ọ̀gá tó dí nọ́ọ̀tì, atẹ́gùn ìta ló ń fà wọlé, òun náà ni wọ́n tún ń yọ. Wọ́n lè ṣe é dalẹ́.

Bí pẹ́dà bá dára láàárọ̀ ṣùgbọ́n tó rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ títí lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ́ìlì tó ti gbó ni kí ẹ fura sí. Ọ́ìlì bíréèkì a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun, ọ̀kan lára àwọn oríṣi ọ́ìlì bíréèkì, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, ṣùgbọ́n bí omi inú rẹ̀ bá ti tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè máa hó ní 140°C, oru tó ń rú jáde bí ọ́ìlì náà ṣe ń hó yóò sì mú pẹ́dà rọ̀ bí atẹ́gùn ṣe ń ṣe. Gbogbo ọ́ìlì náà ni kí wọ́n dànù, kí wọ́n má kàn bù ú lé e, kí wọ́n má sì lo agolo tó ti wà ní ṣíṣí láti oṣù tó kọjá.

Èyí tó ń rọra rì lábẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló máa ń jẹ́ ti másítà, bí ọ́ìlì kò bá ti jò síta níbì kankan. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé yíyọ atẹ́gùn ní àyọ̀ìdá yìí gan-an ló ń ba másítà mìíràn jẹ́. Lójoojúmọ́, rọ́bà inú másítà kì í lọ dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìpẹtà àti ìdọ̀tí sì ń kó jọ síbẹ̀ láti ọdún yìí wá. Bí ọmọ iṣẹ́ bá wá ń tẹ pẹ́dà kanlẹ̀ nígbà àádọ́ta, orí ìpẹtà náà ni rọ́bà ń há. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo másítà ló ń bàjẹ́ báyìí. Síbẹ̀, bí ọkọ̀ yín bá ti pẹ́, ẹ wá pákó kékeré kan tó nípọn tó ìka mẹ́ta, kí ẹ fi sí abẹ́ pẹ́dà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má baà lè dé ilẹ̀.