Bí Ọ̀bẹ Ti Mú Tó, Kò Lè Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Àbúrò ìyàwó mi ló bí mi nínú. Alẹ́ Sátidé, iná wà, a jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, à ń wo Green Lantern, fíìmù akọni alágbára abàmì tó jáde lọ́dún 2011. Fíìmù ò tíì dé ìdajì tó ti ń pòṣé. "Ẹ̀gbọ́n, dírẹ́kítọ̀ yìí ò mọ nǹkan kan. Àfi bí ẹni tí ò di kámẹ́rà mú rí." Mo ní ta ló darí ẹ̀? Kò mọ̀. Mo ní ṣé ó ti wo Casino Royale, fíìmù James Bond, amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn? Ojú ẹ̀ là, ó ní òun ti wo ìyẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Mo ní ọkùnrin kan náà ló ṣe méjèèjì. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti mu nǹkan.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹlòmíì ló ń gbẹ́ èkù fún un kó tó dé ìdí iṣu.

Martin Campbell, ọmọ New Zealand tó darí fíìmù méjèèjì, ni ọ̀bẹ tí mò ń wí, ọ̀bẹ náà sì mú. Nígbà tó ṣe GoldenEye, fíìmù Bond mìíràn, lọ́dún 1995, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló so okùn mọ́ ẹsẹ̀, tó bẹ́ láti orí dáàmù kan ní Switzerland, ibi tó ga ju 200 mítà lọ. Nínú Casino Royale lọ́dún 2006, ọkọ̀ Aston Martin kan yí gbirigbiri lẹ́ẹ̀meje kó tó dúró, àwọn Guinness sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni ò ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ẹ ò ní wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ara yín má bù máṣọ, torí ẹ mọ̀ pé irin tó ń yí yẹn wúwo, egungun tó bá bọ́ sábẹ́ ẹ̀ á rún. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọkùnrin yìí wà. Ó mọ bí èèyàn ṣe ń ṣubú.

Òrùka ni wọ́n wá gbé lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ohunkóhun tí akọni Green Lantern bá rò lọ́kàn, òrùka ẹ̀ á fi ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé dá a. Ibì kan wà tí hẹlikópítà fẹ́ já lu àwọn èèyàn lóde àríyá. Akọni na òrùka, ọkọ̀ ìsáré àwọ̀ ewé bọ́ sábẹ́ hẹlikópítà, ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ bíi ti ohun ìṣeré ọmọdé yọ, hẹlikópítà ń sá lórí ẹ̀ títí ewu fi kọjá. Mo yíjú wo àbúrò mi. Fóònù ló ń tẹ̀. Mi ò bá a wí. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá ṣáà ti rò ló ń ṣẹlẹ̀, kí lẹ fẹ́ ká máa bẹ̀rù fún un? Kódà aṣọ ọrùn ẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Ìgbà tí wọ́n ya fíìmù tán ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà kun ún sára Ryan Reynolds, òṣèré tó ṣe akọni náà.

Ìtàn ni èkù fíìmù. Ti Casino Royale, Ian Fleming, òǹkọ̀wé tó dá Bond sílẹ̀, ti gbẹ́ ẹ sínú ìwé láti 1953: ọkùnrin kan, tábìlì káàdì kan, obìnrin kan tó fẹ́ràn tó sì dà á. Ti Green Lantern, orúkọ èèyàn mẹ́rin ló wà lórí ẹ̀ pé àwọn ló kọ ọ́, ọ̀tá sì di méjì, ọ̀kan orí ẹ̀ wú bí elégédé, èkejì jẹ́ kùrukùru ńlá tó ń fi ìbẹ̀rù ṣoúnjẹ. Akọni lọ sí ayé mìíràn láti kọ́ṣẹ́, ìdí ẹ̀ ò tíì gbóná níbẹ̀ tó ti padà délé.

Wọ́n á ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo gbọ́. Bíi 200 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ná sórí fíìmù yìí, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó jáde, wọ́n tún fi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án kún owó àwòrán kọ̀ǹpútà. Ohun tó pa wọlé káàkiri ayé kò ju bíi 220 mílíọ̀nù lọ, àwọn ilé sinimá á sì mú tiwọn tó sún mọ́ ìdajì, ká má tíì sọ owó ìpolówó. Lọ́dún 2016, Ryan Reynolds yìí kan náà ṣe Deadpool, fíìmù akọni alágbára mìíràn. Tim Miller tó darí ẹ̀ kò darí fíìmù ńlá kankan rí, owó tí wọ́n ná ò tó 60 mílíọ̀nù, ohun tó wọlé lé ní 780. Owó pa ọbẹ̀ àkọ́kọ́ lóòótọ́. Ó pa á kú.

Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ní télọ̀ kan tó ń rán agbádá fún mi, ọwọ́ ẹ̀ ò láfiwé. Nígbà ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi, mo gbé aṣọ kóòtù lọ bá a, pé ṣebí ọwọ́ ẹ̀ mú. Ìyàwó mi fi àwòrán hàn án lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n mi ní kó fẹ ọrùn ẹ̀, èmi ní kó fún un nídìí. Gbogbo wa ló dá lóhùn pé, "Kò sí wàhálà." Lọ́jọ́ òde, èjìká kóòtù gba èèyàn méjì, abíyá ẹ̀ ò sì jẹ́ kí n gbọ́wọ́ sókè náwó fún onílù. Mo bá télọ̀ jà títí. Ìyàwó mi ló bi mí pé, "Olówó orí mi, ta ló rán yín sí alágbádá?"

Ẹ̀yin olówó, ìwà yín sú mi. Orúkọ lẹ máa ń rà. Ẹ á gbọ́ pé lágbájá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ á sáré lọ kówó fún un, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ìtàn ò tíì jinná, ẹ ti ń pín ìwé ìpolówó. Tó bá wá bàjẹ́, ẹ á nawọ́ sí ọ̀bẹ. Ẹ̀yin ọlọ́wọ́ mímú náà, ẹ yéé tan ara yín. Campbell fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ síta pé òun ì bá má ṣe fíìmù yẹn, pé irú ẹ̀ kì í ṣe tòun, pé òun náà pín nínú ẹ̀bi. Ó dáa tó sọ ọ́. Ìgbà tí wọ́n ń kówó sílẹ̀ ló yẹ kẹ́nu ṣí. "Kò sí wàhálà" tẹ́ ẹ máa ń sọ yẹn, òun gan-an ni wàhálà.

Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè, Sinestro, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ akọni olórùka, ki òrùka aláwọ̀ ìyeyè bọ ìka, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé apá kejì ń bọ̀. Àbúrò ìyàwó mi gbójú kúrò lórí fóònù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá kejì ńkọ́?"

Mo ní kó pa tẹlifíṣọ̀n.