Ta ló sọ pé Kòrónà ló bí NCDC?

Bí ọ̀rọ̀ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, bá ti jẹyọ láàárín àwọn èèyàn wa, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi sọ pé, "Àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ nígbà Kòrónà kí wọ́n lè rówó ná yẹn." Ẹni tó bá gbà pé òun mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ní rárá o, Ebola ni. Irọ́ ni méjèèjì. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí owó, ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ orí àjọ náà ni mo ń sọ.

Ọdún 2011 ni NCDC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù Keje ọdún 2014 ni Ebola wọ Èkó, ìparí oṣù Kejì ọdún 2020 ni Kòrónà tó dé. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Kódà, gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju 2011 lọ. Lọ́dún 2006, àìsàn bird flu ń pa adìyẹ nípakúpa ní Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí irú H5N1 yóò yọjú nílẹ̀ Áfíríkà. Lọ́dún 2007, wọ́n gbé àbá àjọ tuntun kan lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń darí ọ̀rọ̀ ìlera lórílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tó di 2011, wọ́n yọ ẹ̀ka tó ń tọpa àjàkálẹ̀ àrùn kúrò nínú iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀, wọ́n kó ètò bird flu pẹ̀lú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tún fi ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tí èmi máa ń pè ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àrùn kún un. Bí NCDC ṣe dáyé nìyẹn.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ rú ni pé kò sí òfin tó gbé e dúró. Ṣe ni ó dà bí ọmọ tí wọ́n bí tí wọn ò sọ lórúkọ, ọdún méje gbáko. Oṣù Kọkànlá 2018 ni Ààrẹ Buhari ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin rẹ̀.

Ká sòótọ́, NCDC nìkan kọ́ ló lé Ebola lọ. Dókítà Stella Adadevoh ló kọ̀ láti jẹ́ kí Patrick Sawyer, ará Làìbéríà tó gbé Ebola wọ Èkó, jáde nílé ìwòsàn, ẹ̀mí dókítà náà sì bá a lọ. Yàrá àyẹ̀wò LUTH, ilé ìwòsàn Fásitì Èkó, ló yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà wò. Ìjọba Èkó, iléeṣẹ́ ìlera àti àwọn tó ti ń bá rọparọsẹ̀ jà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n jọ wá àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900 tí wọ́n ti fara kan aláìsàn. Ogún èèyàn ló kó o, mẹ́jọ kú, ó sì parí ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá. NCDC wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbó.

Kí Kòrónà tó dé, mpox, àrùn tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, ti bẹ́ sílẹ̀ ní Bayelsa lọ́dún 2017. Lọ́dún 2018, ibà Lassa mú ju 600 èèyàn lọ. NCDC ló ń sáré kiri lórí méjèèjì, ta ló gbọ́? Àfìgbà tí Kòrónà dé, tí gbogbo wa ń dúró de iye tí wọ́n máa kéde lálaalẹ́, la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ wọn. Ẹni tó bá rántí yóò mọ̀ pé láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ará Ítálì yẹn gbé e wọlé, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Redeemer's l'Ẹ́dẹ, tó ń bá NCDC ṣiṣẹ́ pọ̀, ti ka àbùdá kòkòrò náà tán. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò bá dé.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ní, "Kòrónà ti lọ, kí ni wọ́n ṣì ń ṣe?" Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, Lassa àti yírùnyírùn á dé, bí òjò bá sì wọlé, onígbáméjì náà á dé. NCDC kò ní ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú aláìsàn, ọwọ́ àwọn mìíràn ni ìyẹn wà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní DSNO. Òun ló ń gba ìròyìn àìsàn tó bá ṣàjèjì, tí yóò fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀, kí ó tó dé Àbújá. Ẹni tí kò bá mọ ilé rẹ̀ lè pe 6232, ọ̀fẹ́ ni.