Èsì wa sí kọ́sítọ́mà wa tó ní gáùnù 22,000 náírà tú lábẹ́ apá

Mọ́mì wa, ẹ kú ilé mà, ẹ sì kú ìnáwó. Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa ṣọ́ọ̀bù wa, ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa náà mo rí i. Ẹ ní gáùnù tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní 22,000 ti tú lábẹ́ apá lẹ́yìn fífọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ò lè wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì láì wọ ṣìmí sábẹ́ ẹ̀, bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà fún Dádì náà ti já, bẹ́ẹ̀ irú gáùnù yìí kan náà lẹ rà lọ́dọ̀ wa ní 2021 ní 7,500 tó ṣì wà digbí títí dòní. Ẹ wá ní gbogbo àwa oníbùtíìkì ojú títì Ọba Adésídà yìí la kàn ń fi dọ́là bojú, èrè àjẹjù là ń jẹ.

Mi ò ní sọ fún yín pé ẹ ò mọ aṣọ fọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń taṣọ máa ń kọ́kọ́ sọ nìyẹn, omi gbígbóná ni, ọṣẹ ni, ẹ sá a sóòrùn jù ni. Gáùnù yẹn fẹ́lẹ́ ju ti 2021 lọ lóòótọ́, ẹ ò parọ́ mọ́ ọn. Ohun tí mi ò gbà ni bí ẹ ṣe ya ọ̀rọ̀ náà sí méjì, owó lọ sókè lọ́tọ̀, aṣọ bàjẹ́ lọ́tọ̀, ó wá dà bíi pé a gbowó yín tán a tún jí nínú aṣọ yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mà. Owó tí àwọn tó ń ṣe aṣọ ò lè gbé sórí iye tí wọ́n ń tà á tán ni wọ́n lọ yọ lára aṣọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti owó torí òun lẹ fi bú wa. Gáùnù 2021 yẹn, bíi 5,000 la rà á ní Balógun l'Ékòó, a tà á ní 7,500. Ti báyìí, 17,000 la rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé láti Guangzhou ní China, a tà á ní 22,000. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, nígbà yẹn nínú náírà mẹ́ta tí ẹ bá fún wa, ọ̀kan ló ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́, lónìí kò tó ọ̀kan nínú mẹ́rin. Inú 5,000 tó ṣẹ́kù yẹn náà ni owó alábàárù ti ń jáde, owó ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù láti Èkó gba Oǹdó wọ Àkúrẹ́, epo jẹnẹrétọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọ tó ń bá wa tajà. Mi ò ní a ò jèrè o, a ń jèrè, ìyẹn la fi ń jẹun, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí ẹ rò yẹn.

Dọ́là yẹn náà kì í ṣe ìtàn tí a jókòó hun. Oṣù kẹfà 2023 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ní kí náírà máa wá iye ara ẹ̀ lọ́jà, kó tó dìgbà yẹn bíi 470 ni wọ́n ń pe dọ́là kan ní báǹkì, ṣùgbọ́n oníṣòwò kékeré wo ló rí 470 yẹn gbà? Ọwọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì ni wọ́n ti ń rà á, ó sì ti lé ní 700 níbẹ̀. Aṣọ gan-an wà lára àwọn ọjà tí CBN ní àwọn ò ní ta dọ́là fún láti 2015, oṣù kẹwàá 2023 ni wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2024, ní báǹkì náà dọ́là ti kọjá 1,500. Epo ńkọ́, láti bíi 190 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní oṣù karùn-ún 2023, ó ti ń wọ 1,000 ká tó parí 2024, ẹ̀yin náà ń wọ ọkọ̀, ẹ mọ̀ ọ́n.

Mo sì mọ ibi tó ń dùn yín. Ní 2021, owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí jẹ́ 30,000, gáùnù 7,500 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀. Wọ́n gbé owó oṣù yẹn sí 70,000 ní 2024, gáùnù 22,000 sì ti fẹ́ẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ìyẹn ni pé pẹ̀lú gbogbo bí wọ́n ṣe sọ aṣọ yẹn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó, ó ṣì wọ́n ju ti àtijọ́ lọ lápò òṣìṣẹ́. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, kódà inú ń bí èmi náà, torí èmi ni mo máa ń dúró níwájú yín nígbà tí ẹ bá gbé e padà wá.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ibi tí wọ́n ti yọ ọ́, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé gígùn yìí gan-an nìyẹn.

Ká ní wọ́n lo irú mẹ̀tíríà ti 2021 fún gáùnù yẹn ni, kò ní ṣeé tà lábẹ́ 30,000 ní Àkúrẹ́. Ẹni tó ń kó o wọlé mọ̀ pé tóun bá gbé irú ẹ̀ dé Balógun, àwa tá a wá láti Àkúrẹ́, Adó, Òṣogbo, a máa wò ó lásán ni, torí ẹ̀yin náà máa wò ó lásán ni. Nítorí náà iye owó ló máa kọ́kọ́ sọ fún ilé iṣẹ́, kì í ṣe irú aṣọ, àwọn ìyẹn á wá máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa bọ́ sí iye yẹn.

Ìwúwo mẹ̀tíríà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé. Gíráàmù ni wọ́n fi ń wọn aṣọ nílé iṣẹ́, bí gíráàmù ẹ̀ bá ṣe ń dín kù ni owó ẹ̀ ń dín kù, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń gba inú ti yín kọjá. Wọ́n á tún fi políẹ́sítà rọ́pò kọ́tìnì torí kò wọ́n tó o, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ti ju ìdajì lọ báyìí nínú gbogbo fọ́nrán tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ láyé. Mi ò kórìíra políẹ́sítà o, kì í súnkì, kì í rún bọ̀rọ̀, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ò ní tọ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsí i, ṣùgbọ́n kì í mu òógùn, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ rìn láti Ọjà Ọba lọ sí Alágbàkà ní oṣù kẹta, ara ẹ̀ á sọ fún un. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí wọ́n kọ kọ́tìnì sára ohun tí kì í ṣe kọ́tìnì. Ẹ yọ fọ́nrán díẹ̀ nínú ìṣẹ́po abẹ́ aṣọ, ẹ ṣáná sí i, kọ́tìnì á jó bíi bébà, eérú ẹ̀ á rọ̀, políẹ́sítà á yọ́, á dì gbagidi, á máa rùn bíi ọ̀rá tó jóná.

Ó wá kan ojú rírán, ibi tó kan yín gan-an nìyí mà. Ẹ yí gáùnù yẹn sódì kí ẹ wo abẹ́ apá. Aṣọ tó yẹ kó ṣẹ́kù lẹ́yìn ojú rírán, èyí tí àwọn tẹ́lọ̀ ń pè ní àláwánsì, ti 2021 á fẹ́ tó ìka kan, ti tuntun yìí ò ju ìdajì ìka lọ. Lójú ẹni tó ń ran ẹgbẹẹgbẹ̀rún aṣọ, ìdajì ìka lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yáàdì ló jẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ̀tíríà tó fúyẹ́ máa ń tú létí, tó bá wá tú dé ojú òwú, òwú ò rí nǹkan kan dì mú mọ́. Ẹ wò ó dáadáa, òwú yẹn ò já, aṣọ ló yọ kúrò lára ẹ̀. Abẹ́ apá ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ torí ibẹ̀ là ń fà jù, èèyàn nawọ́ mú fáìlì, èèyàn nawọ́ dá ọ̀kadà dúró, èèyàn gbọ́mọ, ibẹ̀ náà ni. Wọ́n tún ti ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ jìnnà síra wọn kí iṣẹ́ lè yá kí òwú má sì pọ̀. Láínìnì, aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú, tó máa ń dé orúnkún ti ń parí síbi ìdí, XL tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn ò tó L àtijọ́. Ti bọ́tìnì Dádì, òwú kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ fi ń rán an mọ́ aṣọ, kò sí kókó níbẹ̀, tí ẹnu òwú yẹn bá ti yọ tí èèyàn fà á pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò ní purọ́ pé náírà nìkan ló fà á. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà nípa àwọn ṣọ́ọ̀bù ojú títì tiwọn, owó ń gòkè, aṣọ ń fẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti fi aṣọ olówó pọ́ọ́kú kọ́ gbogbo ayé, tó sì jẹ́ pé ẹlòmíì ló ń san ìyókù owó ẹ̀. Ilé Rana Plaza tó wó ní Bangladesh ní oṣù kẹrin 2013, àwọn tó ń ránṣọ fún ṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló wà nínú ẹ̀, àwọn tó kú lé ní 1,100. Nígbà tí aṣọ ò wọ́n, báyẹn ni wọ́n ṣe ń rán an.

Ẹ tún bi wá pé kí ló dé tá ò kúkú máa ta èyí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ yìí. Ìbéèrè yẹn dùn mí dọ́kàn. Adó-Èkìtì tí ò jìnnà sí wa yìí ní ilé iṣẹ́ aṣọ tiẹ̀ nígbà kan, Kàdúná ní ilé iṣẹ́ aṣọ KTL láti 1957, ó tún ní ilé iṣẹ́ aṣọ UNTL tó tilẹ̀kùn ní 2007, ti Ìkẹjà àti Ìsọlọ̀ lọ súà. Ní àwọn ọdún 1980 ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ní Nàìjíríà lé ní 150, àwọn tó kù tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ò tó nǹkan, iná ò dúró, ẹ̀rọ ti gbó, aṣọ fàyàwọ́ kún ọjà. A ń ta ṣẹ́ẹ̀tì Ábá o, ọwọ́ ọ̀tún yín ló wà tí ẹ bá wọlé, lójú tèmi ojú rírán wọn le ju ti ọ̀pọ̀ èyí tó ń wá láti China lọ, ṣùgbọ́n òkè òkun náà ni mẹ̀tíríà àti bọ́tìnì wọn ti ń wá, torí náà dọ́là ṣì ń bá a dé ibẹ̀.

Òkìrìkà tí ẹ ní ẹ máa padà sí, mi ò ní bínú. Èyí tó dáa nínú ẹ̀, tí wọ́n ti rán láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ó le ju tuntun tí mo ń tà lọ, ẹni tó mọ aṣọ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin ò gbà á wọlé, ọ̀nà Kùtọnu ni wọ́n ń gbà kó o wọlé, dọ́là náà ni wọ́n sì fi ń ra bẹ́ẹ̀lì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù nù náà ló ti ń kún inú ẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe máa yẹ tiwa wò.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó níbikíbi, kódà lọ́dọ̀ wa, ẹ gbé aṣọ sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ yí i sódì, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì fa ojú rírán sọ́tùn-ún sósì, tí ẹ bá ń rí òwú tó ń yọ bí eyín níbẹ̀ ẹ fi sílẹ̀, tó bá jẹ́ aṣọ aláwọ̀ ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù díẹ̀ pa á lára kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń ṣí. Ẹ má tijú ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó ń tajà fún wa, mo ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fajú ro sí ẹni tó bá ń yẹ aṣọ wò.

Ti gáùnù yẹn, mi ò lè dá 22,000 padà torí ẹ ti wọ̀ ọ́, ẹ ti fọ̀ ọ́, kò ṣeé gbé kọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá mà. Tẹ́lọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tì í nínú lábẹ́ apá méjèèjì kó tó tún un rán, á wíìfù etí ẹ̀ yípo, ìyẹn ni pé á fi òwú dì í létí kó má bàa máa tú mọ́, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Mo ti bá a sọ ọ́ pé gáùnù èyíkéyìí tó bá ti fẹ́lẹ́ báyẹn, kó máa wíìfù ẹ̀ ká tó gbé e kọ́, 500 náírà ló ń gbà lórí ọ̀kan, a ò sì fi kún owó aṣọ. A tún ní gáùnù kọ́tìnì díẹ̀ nílẹ̀ tó jẹ́ 34,000, mi ò ní kí ẹ rà á o, ẹ kàn fọwọ́ kàn án kí ẹ fi wé ti 2021 tó wà nílé.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méje alẹ́ la máa ń ṣí, àfi ọjọ́ Sunday. Ẹ kó ṣẹ́ẹ̀tì Dádì dání tí ẹ bá ń bọ̀, gbogbo bọ́tìnì ẹ̀ ni tẹ́lọ̀ máa tún rán, kì í ṣe èyí tó já nìkan.