Òkété ti fẹ́ẹ́ gba ilé lọ́wọ́ mi o

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn, ẹni tó bá tún sọ fún mi pé "ẹran ló wá bá ẹ nílé yẹn, kí ló wá ń bí ẹ nínú" èmi àti olúwarẹ̀ máa jà. Ẹran wo? Ẹran tí mi ò rí mú, tó ń jẹ pákí mi, tó tún ń gbẹ́ ìdí fẹ́ǹsì mi lóròòru, ẹran nìyẹn àbí ọ̀tá? Gbogbo ẹni tí mo bá ti fẹjọ́ sùn, itọ́ á kàn máa dà lẹ́nu ẹ̀ ni, èyí á ní ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, tọ̀hún á ní ká yan án ká fi mu ẹmu, kò sẹ́ni tó máa bi mí pé fẹ́ǹsì ńkọ́.

Òkété ni mò ń sọ o, kì í ṣe eku ilé. Òkété gidi tó ju kílò kan lọ, tí ṣóńṣó ìrù ẹ̀ funfun. Ó ti mọ̀ pé ojúmọ́ ò dáa fóun, òru ló fi ń ṣiṣẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́ tó o bá dé ẹ̀yìnkùlé, wàá bá erùpẹ̀ pupa tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, èèpo ekùrọ́ káàkiri, àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ewé méjì ti dùbúlẹ̀, ó ti wú hóró ìdí ẹ̀ jẹ. Ti pákí ló wá burú jù. Igi ẹ̀ á dúró, ewé ẹ̀ á máa dán, o ò ní fura rárá, ọjọ́ tó o bá fà á tu lo máa rí i pé ó ti jẹ gbogbo ìsàlẹ̀ tán, ó ku èèpo. Kò sì ní jókòó jẹ ẹ́ síbẹ̀ náà o, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì lápò, á rọ ọ́ kún fọ́fọ́ á gbé e wọlẹ̀ lọ tọ́jú. Oúnjẹ tí mo gbìn ló ń kó pamọ́ dè mí.

Wọ́n ní ká fi ata gbígbẹ fín in. A fín in. Èéfín gba ibi tá a ti ń fín in wọlé, ó gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde, ó tún yọ lábẹ́ ibi tí ìyàwó mi ń sá aṣọ sí, àwa là ń wúkọ́, àwa là ń nujú, òkété ò tiẹ̀ sín. Ẹni tó bá ti dẹ òkété rí mọ̀ pé ihò ẹ̀ kì í lẹ́nu kan, ibi tó ń gbà wọlé lọ́tọ̀, ibi tó máa gbà sá lọ́tọ̀, á sì fi erùpẹ̀ díẹ̀ bo ojú ẹ̀ kó o lè gbàgbé ẹ̀. Ẹlòmíì ní ká rọ omi sí i. Omi tí mo fi jẹnẹrétọ̀ fà, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta epo báyìí! Ilẹ̀ mu gbogbo ẹ̀. Gọ́ọ̀mù eku tí wọ́n ń tà lójú títì, ó wọ́ ọ lọ ni, mi ò rí páálí ẹ̀ mọ́ dòní. Pàkúté onírin wá mú, adìyẹ aládùúgbò ló mú, mo sì san owó adìyẹ.

Májèlé ńkọ́? Ẹ má dábàá ẹ̀. NAFDAC ò déédé gbógun ti òtapíápíá inú ìgò kékeré yẹn, àti pé nígbà tó jẹ́ pé ẹran ni gbogbo yín ń pè é, tó bá jẹ májèlé mi tó lọ kú sójú ọ̀nà, ta ni kò ní gbé e, ta ni kò ní sun ún jẹ? Ṣé ẹ fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé mi ni?

Àwọn ọmọkùnrin kan wá, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni. Wọ́n gbówó. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ láti ìdí ìbẹ́pẹ títí dé sókàwéè, wọ́n rí méjì mú, wọ́n ju méjèèjì sínú àpò. Mo ní ṣé ẹ ò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ ni, wọ́n ní tàwọn ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ gbọ́ o, ilẹ̀ mi, owó mi, pákí mi ló fi sanra! Wọn ò sì dí kòtò náà, òjò alẹ́ ọjọ́ yẹn ló dí i fún wọn, bí búlọ́ọ̀kù kan ṣe sán nìyẹn. Kò sì pẹ́ tí erùpẹ̀ tútù tún yọ, nítorí oyún òkété ò ju nǹkan bí oṣù kan lọ, ó sì lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó wá ń dùn mí ni pé nǹkan yìí lọ́gbọ́n lórí. Ní Tanzania wọ́n ń kọ́ ẹ̀yà ẹ̀ kan bí wọ́n ṣe ń gbóòórùn bọ́ǹbù inú ilẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Cambodia, ọ̀kan tó ń jẹ́ Magawa tiẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ wúrà lọ́wọ́ àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2020. Tèmi ò gbóòórùn nǹkan kan ju pákí lọ. Abájọ táwọn àgbà fi ń bá a wí pé òkété, báyìí nìwà ẹ, o bá Ifá mulẹ̀, o da Ifá. Tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Ifá, kí wá ni tèmi níbẹ̀?

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, òkété nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé wa, onílẹ̀ ń gbé l'Ékòó, kò kọ́ ọ, kò ro ó, igbó ti ga ju èèyàn lọ, gbogbo àdúgbò ló ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ lóru, ibẹ̀ ni òkété ń sá sí tá a bá lé e. Tá a bá pe onílẹ̀ náà lórí fóònù, á ní "mò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n." Ìwọ onílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbọ́ ìyẹn sú. Bíríkìlà ti wo fẹ́ǹsì, ó ti kọ iye sìmẹ́ǹtì àti búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún mi, mo ti fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp, ó ti ní àmì búlúù méjì. Fèsì.