Èsì wa fún ọmọ Màmá tó fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta

Ẹ kú àjò o, ọmọ Màmá wa. A ti ka ohun tí ẹ kọ, a sì rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ẹ fún ilé àwọn àgbà wa yìí nínú márùn-ún. Ẹ ní oúnjẹ dára, ilé mọ́, àwọn nọ́ọ̀sì lọ́yàyà, a dúpẹ́. Ẹ wá ní ohun tó dùn yín ni ti fàájì: pé ẹ pè lórí fídíò láàárọ̀, ẹ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí bí ẹni tí a gbà síṣẹ́, pé lọ́sàn-án Sátidé tí ìlù ń dún, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n jókòó sí, pé ilé àwọn àgbà tó wà nítòsí yín ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń ta bíńgò, wọ́n sì ń kun àwòrán, pé a ò kó àwọn àgbà lọ sí Ojúde Ọba, bẹ́ẹ̀ owó ìjáde tún wà lọ́tọ̀. Èmi tí mò ń bójú tó ilé yìí ni mò ń dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ ìlera Màmá kò ní jáde lẹ́nu mi níbí, torí gbogbo ayé ló ń kà á. Orí fóònù la ó ti sọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀gúsí. Àwọn tó ń dáná ní ilé yìí ń gba owó oṣù. Ẹ̀gúsí tí a ti bó láti ọjà la fi ń se ọbẹ̀ gbogbo ilé. Èyí tí àwọn àgbà ń bó láàárọ̀ kì í ju abọ́ kékeré kan lọ. Kí ni wọ́n wá ń bó o sí? Ẹ̀yin náà kọ ọ́ síbí pé oúnjẹ ni Màmá tà ní Bódìjà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti kékeré, tí ẹ bá gbé e jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́, tí ẹ ní kó máa sinmi, ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, àwọn ìyá bíi mẹ́rin sí márùn-ún máa ń pé jọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n á já ewédú, wọ́n á ṣa ẹ̀wà, wọ́n á sì tú àṣírí gbogbo wa síta, tèmi náà pẹ̀lú. Ẹni tó bá sú á gbé abọ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í. Màmá kì í gbé tiwọn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọge kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa fẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ wọn kí wọ́n lè lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n bi í pé ṣé ó rò pé àwọn ti kú ni.

Bíńgò? A dán an wò. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà, àwọn ìyá ìjọ dìde: wọ́n ní tẹ́tẹ́ ni, àwọn ò ta tẹ́tẹ́. Bàbá kan ní tirẹ̀ béèrè iye tí ẹni tó bá jẹ yóò gbà. Nígbà tó gbọ́ pé ọṣẹ ìwẹ̀ ni, òun náà bá tirẹ̀ lọ. La bá gbé ayò síbẹ̀. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń ta á á ka tirẹ̀, á ka ti ẹnìkejì, á sì máa ṣọ́ ihò tó ti kún ju ohun tí ojú lè kà lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà wa fẹ́ràn rẹ̀ torí ọpọlọ àti torí ìka ọwọ́. Àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀ torí èébú. Ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, á máa bú òpè, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, òpè á máa fèsì, àwọn òǹwòran tí a ò pè á máa dá sí i, oúnjẹ ọ̀sán á sì tutù sórí tábìlì.

Ohun tí ẹ ò tíì bá lórí fídíò, torí Ọjọ́rú ló máa ń wáyé, ni àpótí ìrántí. Owó àtijọ́ la kó sínú rẹ̀: kọ́bọ̀ tó ní ihò láàárín, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. A máa ń gbé e yí ká kí kálukú fọwọ́ kàn án. Ẹnìkan á sọ iye tí òun fi ra kẹ̀kẹ́ òun àkọ́kọ́, ẹlòmíràn á ní irọ́ ni. Tí ọ̀rọ̀ bá wá dé ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 tí náírà wọlé, ariwo dé nìyẹn. Náírà kan rọ́pò ṣílè mẹ́wàá, àwọn ìyá ọlọ́jà kò sì tíì gbàgbé bí àwọn àti oníbàárà ṣe ń fa ṣẹ́ńjì náà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, àwọn tó ti ń wakọ̀ nígbà náà á sì dìde láti ṣe é hàn wá pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí kò rántí ohun tó jẹ láàárọ̀ á sọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò gààrí nígbà tó wà lọ́mọge. Nínú àrùn ìgbàgbé, ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn; ti ìgbà èwe a máa pẹ́. A kì í ṣe dókítà, àpótí yẹn kì í sì í ṣe oògùn, àmọ́ mo ti rí ẹni tó sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ti Sátidé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ẹni tó ti lé ní ọdún 65 nílò eré ìdárayá tó tó ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kó sì tún ṣe èyí tí kò ní jẹ́ kó máa ṣubú, ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹ lọ sọ fún ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún pé kó wá ṣe ẹsaisáìsì, kí ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín. Ṣùgbọ́n tí àpàlà bá dún, èjìká á ti máa mì lórí àga. Ohun tí Sátidé wà fún nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ẹ rí Màmá, àwọn ló yàn án: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹni tó ń gba géètì wọlé àti ẹni tí kò mọ ijó. Ẹni tó ti wé gèlè láti aago méjì de òde aago mẹ́rin, ẹ má ní kò sí lóde. A kì í fa àgbà lọ́wọ́ jó ní ilé yìí.

Ojúde Ọba: ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ó ń dùn mí jù yín lọ. Ṣùgbọ́n láti Ìbàdàn dé Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, nínú oòrùn, láàárín èrò àti ẹṣin, ibo ni ìyá tó ń tọ̀ ní wákàtí-wákàtí fẹ́ yà sí? Ẹni tó bá fẹ́ kó àgbà jáde, ilé ìtọ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ wò. Orí tẹlifíṣọ̀n la ti wò ó, a sì wọṣọ dáadáa fún un. Ọgbà Agodi la máa ń kó wọn lọ, láàárọ̀ kùtù, a ó sì ti dé kí oòrùn tó mú. Owó bọ́ọ̀sì àti epo là ń gbà. Ẹni tí kò lọ kì í san án, ìdí nìyẹn tí a kò fi kà á mọ́ owó oṣù.

Ọ̀kan wà tí mo gbà fún yín: ìwé ètò ọ̀sẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Láti Sọ́ńdè yìí, a ó máa yà á sórí WhatsApp yín, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ẹ lè pè tí Màmá á ráyè. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá náà ń bọ̀, ọjọ́ àwọn àgbà ní gbogbo àgbáyé, tó tún jẹ́ ọjọ́ òmìnira wa. Aṣọ ẹbí wà, Màmá wà lára àwọn tó yan àwọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀, ẹ má bínú.

Àwa náà ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ bá wa wá àwòrán àtijọ́ Màmá, ti ìgbéyàwó tàbí ti ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn, ká lè mọ ẹni tí a ó bi wọ́n léèrè.

Alábòójútó ilé